Ẹ Jẹ́ Kí Tírélà Mí Dáadáa Kí Ẹ Tó Bù Kún Epo Rẹ̀

Ká sọ pé ẹnì kan ní tírélà kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan lójú ọ̀nà, ó rí owó díẹ̀ tù jọ, ó sì fẹ́ fi ṣe ohun tí yóò mú kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà lágbára sí i. Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe? Ní ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì, láti Apo ní Abuja títí dé Suame Magazine ní Kumasi, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé kí wọ́n ṣí pọ́ǹpù. Ìyẹn ni pé kí wọ́n yí ìdè tó wà lára pọ́ǹpù dísẹ̀lì, kí epo tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì lè pọ̀ ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ṣe wọ̀n ọ́n lọ. Iṣẹ́ náà kì í pẹ́, kì í sì í wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, awakọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti rí i pé ọkọ̀ ń fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èrò tèmi ni pé ohun tó yẹ kó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣáájú yẹn. Bí a bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tírélà lágbára, afẹ́fẹ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ tọ́jú. Ooru ló tẹ̀ lé e. Bíréèkì ló kàn. Epo ló yẹ kó kẹ́yìn gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọgbà mẹkáníìkì lásán, tí kò kan ẹni tí kò ní tírélà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan náà. Àlùbọ́sà Sokoto, tòmátì Kano, màlúù Maiduguri, sìmẹ́ǹtì Obajana, tírélà ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kiri, nítorí pé ojú irin wa kò tó nǹkan. Ohun tí ẹnì kan bá ṣe sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lónìí, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lódìkejì lè jìyà rẹ̀ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Dísẹ̀lì kì í dá jó. Kí kìlógíráàmù dísẹ̀lì kan tó lè jó tán, ó nílò nǹkan bí kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.5. Ẹ́ńjìnnì tírélà tó bá sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ máa ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 18 sí 20, nítorí pé àkókò tí epo àti afẹ́fẹ́ fi ń pò pọ̀ nínú sìlíńdà kéré ju kí ojú ṣẹ́ lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀, lítà dísẹ̀lì kan ṣoṣo tí a rà ní ilé epo ń béèrè afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 10,000. Afẹ́fẹ́ yìí ni a kì í rà, nítorí náà a kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu iye agbára tí epo tí a rà lè mú jáde.

Nígbà tí a bá ṣí pọ́ǹpù láìṣe nǹkan kan sí afẹ́fẹ́, epo pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ dúró síbi tó wà. Lóòótọ́, díẹ̀ nínú epo tí a fi kún un yóò rí afẹ́fẹ́ jó, ohun tó fà á nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń fà sí i. Ìyókù kò ní jó tán. Òun ni a ń rí tó ń tú jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà bí èéfín dúdú. Àwọn awakọ̀ kan máa ń fi èéfín yẹn yangàn, wọ́n ní ó fi hàn pé ẹ́ńjìnnì lágbára. Epo tí a fowó rà tí a kò rí lò ni. Ẹ gbà á rò báyìí: láti Èkó dé Kano jẹ́ nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ká ní tírélà tó di ẹrù ń mu lítà 45 ní 100 kìlómítà kọ̀ọ̀kan, lítà 450 nìyẹn ní àlọ nìkan. Bí pọ́ǹpù tí a ṣí bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, lítà 45 ti lọ. Nígbà tí lítà kan ti kọjá 1,000 náírà, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ohun tí iṣẹ́ tí wọ́n ní kò wọ́n ń jẹ lóṣù.

Owó epo ṣì kéré sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe písítìnì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tírélà, alumíníọ̀mù sì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 660 dìgírì. Iná tó ń jó lórí písítìnì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tí kì í jẹ́ kó yọ́ ni pé ọ́ìlì ń tú ooru lábẹ́ rẹ̀, omi ń gbé ooru kúrò lára sìlíńdà, afẹ́fẹ́ tútù sì ń wọlé lemọ́lemọ́. Nígbà tí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ooru èéfín tó ń jáde yóò máa ga sí i. Bó bá ń kọjá 700 dìgírì fún ìgbà pípẹ́, bíi kí ọkọ̀ máa gun òkè fún ogún ìṣẹ́jú, tọ́bò àti písítìnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Ìyà yẹn kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ni yóò hàn, tí ẹ́ńjìnnì yóò máa jẹ ọ́ìlì, tí wọn yóò sọ pé rìńgì ti jẹ, tí wọn yóò sì dá ẹ̀bi rẹ̀ lé ọ́ìlì ayédèrú. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣí pọ́ǹpù.

Nítorí náà, ibo ló yẹ kí owó àkọ́kọ́ lọ? Ó yẹ kó lọ sí gbogbo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde. Fílítà afẹ́fẹ́ ni a máa kọ́kọ́ wò. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku ọyẹ́ ń bo gbogbo ilẹ̀ láti Niamey dé Jos. Fílítà tí ìwé ilé iṣẹ́ ní kó lo oṣù púpọ̀ ní Jámánì lè dí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lójú ọ̀nà kò tó, nítorí pé fífẹ́ tó bá le jù máa ń da bébà rẹ̀ lu, eruku á sì gba ibẹ̀ wọ inú tọ́bò tààrà. Lẹ́yìn fílítà, a ó wo rọ́bà tó so tọ́bò mọ́ intercooler. Sísán kékeré kan, tàbí ìdè kan tó tú, tó láti sọ agbára nù. A ó wo ọ̀pá tọ́bò bóyá ó ń mì, a ó wo fáàfù bóyá àyè rẹ̀ pé, a ó sì wo sàlẹ́ńsà bóyá ó ti dí.

Intercooler gan-an ni mo rò pé a kì í kà sí tó bó ṣe yẹ. Bí tọ́bò bá ń fún afẹ́fẹ́, ó ń gbóná án. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ní 35 dìgírì lè jáde ní 150. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, ìwọ̀nba ló ń wọ inú sìlíńdà. Bí intercooler tó mọ́ tónítóní bá mú un wálẹ̀ sí 60 dìgírì, afẹ́fẹ́ tó máa wà nínú àyè kan náà yóò fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i. A kò fi dísẹ̀lì kankan kún un o. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo iwájú àwọn tírélà wa: intercooler tí kòkòrò, ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì ti bò, tí afẹ́fẹ́ kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní kò lágbára mọ́, èémí ni kò rí mí.

Ooru ló tẹ̀ lé afẹ́fẹ́, nítorí pé ohun tó lé ní ìdajì agbára tó wà nínú dísẹ̀lì kò dé táyà rárá. Ooru ló ń dà, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde. Àwọn ọkọ̀ tókùnbọ̀ tí a ń kó wọlé ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ tí ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Sokoto àti Niamey ń kọjá 40 dìgírì nínú oṣù kẹrin. Radiétọ̀ tí inú rẹ̀ ti dípẹtà, tí wọ́n ń fi omi kànga kún dípò omi ìtútù tó yẹ, kò lè gba ooru tuntun mọ́ra. Ẹni tó bá bù kún epo ọkọ̀ tí radiétọ̀ rẹ̀ kò mọ́ ń fi igi kún iná ilé tí kò ní fèrèsé.

Mo mọ ohun tí àwọn oníọkọ̀ yóò sọ. Wọ́n á ní ẹni tí kò bá rìn lójú ọ̀nà kò lè mọ ìyà tó wà nínú kí tírélà máa rá pálá lórí òkè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ mú Hawan Kibo, lójú ọ̀nà tó ti Akwanga gòkè lọ sí Jos. Ibẹ̀ ga, ó sì kọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń gòkè sí Jos, tó wà ní nǹkan bí 1,200 mítà sókè òkun, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ó tó ìdá kan nínú mẹ́sàn-án tó ti dín kù kí ọkọ̀ tó dókè, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Tírélà tó bá sá lórí òkè lè yí padà sẹ́yìn. Èyí tó bá ń rìn bí ìgbín lálẹ́ ń pe àwọn ọlọ́ṣà. Ẹni tó ń wá agbára fún ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ohun tó ń bá a jà hàn.

Ṣùgbọ́n òkè yẹn gan-an ló jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ. Ohun tó bá gòkè ní láti sọ̀ kalẹ̀. Ká mú tírélà tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 40 pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, lórí òkè tó ń ga ní mítà 6 nínú 100. Kó tó lè gun òkè yẹn ní eré 30 kìlómítà ní wákàtí kan, ó nílò agbára tó tó ẹṣin 265. Bó bá dé òdìkejì òkè, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní eré kan náà, agbára tó súnmọ́ iye yẹn náà ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Bíréèkì ló ń gbà á, ó ń sọ ọ́ di ooru. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, àfi bí ọkọ̀ bá ní bíréèkì tó ń dí èéfín mọ́ inú tó sì ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tókùnbọ̀, ó ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ṣí pọ́ǹpù. Ọkọ̀ tó ń fà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kì í gbé ẹrù ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oníọkọ̀ yóò ní, ṣebí ó lágbára báyìí, ẹ jẹ́ ká fi àpò díẹ̀ kún un. Bí tọ́ọ̀nù 40 bá di 60, ẹṣin 265 yẹn di nǹkan bí 400, ní àgòkè àti ní ìsọ̀kalẹ̀. A ti wá agbára fún àgòkè. Ta ló wá tiẹ̀ fún ìsọ̀kalẹ̀? Bíréèkì àtijọ́ ṣì ni. Ohun tí mò ń pè ní ewu nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyí: ṣíṣí pọ́ǹpù ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbé ẹrù tí kò lè dá dúró.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, táńkà epo kan ṣubú ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa, èèyàn tó lé ní 150 ló kú nínú iná rẹ̀. Mi ò mẹ́nu kàn án nítorí ẹ́ńjìnnì. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ó yẹ ká máa rántí ohun tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ṣe sí odidi ìlú bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí kò fi ọ̀rọ̀ bò fún wa. Ẹ wo Mercedes 911 tí a mọ̀ bí ẹni mowó. Orúkọ yẹn kì í ṣe nọ́ńbà lásán. 9 dúró fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ìyẹn ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin 110. Bákan náà ni 1924 ṣe jẹ́ tọ́ọ̀nù 19 àti ẹṣin 240. Àdéhùn ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà: agbára báyìí fún ẹrù báyìí, bíréèkì, táyà àti jíà sì bá méjèèjì mu. Nígbà tí a bá yí agbára padà, tí a fi ẹrù kún ẹrù, tí a kò fọwọ́ kan ìyókù, a ti ya àdéhùn yẹn láìkọ òmíràn. Nígbà tí ANAMMCO ń to Mercedes ní Enugu, tí Steyr wà ní Bauchi, ó kéré tán, ibi kan wà nítòsí tí mẹkáníìkì lè kọrí sí lọ béèrè. Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ni ẹnjiníà, òun náà sì ni alábòójútó.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni mò ń sọ, pé DAF, MAN àti Howo òde òní kì í ṣe ìdè ni a ń yí lára wọn, kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀nà ló yàtọ̀, iṣẹ́ náà kò yàtọ̀. Ẹni tó fi laptop yí iye epo padà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti ṣí pọ́ǹpù, kò kàn fọwọ́ kan epo ni. Ti òde òní tilẹ̀ tún léwu sí i ní ọ̀nà kan, torí kọ̀ǹpútà yẹn ló ń dín epo kù nígbà tí ooru bá pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti pa ìkìlọ̀ yẹn lẹ́nu mọ́, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún awakọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń jóná.

Ìjọba kò dákẹ́ pátápátá. UEMOA ṣe òfin ìwọ̀n ẹrù ní 2005, ECOWAS ṣe tirẹ̀ ní 2012, FRSC sì ti ń béèrè ẹ̀rọ adínwọ̀n eré lára ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù láti 2016. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń dín eré kù kò mọ ìwọ̀n ẹrù, kò sì mọ bóyá bíréèkì ti gbóná. Ọkọ̀ lè wà nínú eré tí òfin gbà, kó má sì lè dúró.

Nítorí náà, ọwọ́ àwọn tó ni ọkọ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí lé. Mi ò dá awakọ̀ lẹ́bi, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan kò ní ṣe kó má fẹ́ yára dé. Ẹ̀yin lẹ ń di owó mú, ẹ̀yin lẹ ń pinnu ohun tó ṣáájú. Bí owó bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ fi ra fílítà tuntun, ẹ fọ intercooler, ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ti sán. Ẹ fọ radiétọ̀ nínú lóde. Ẹ kó nọ́súlù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kí ó dá epo padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọkọ̀ náà jáde. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé agbára tí ẹ ń wá kò sọnù, eruku àti ìdọ̀tí ló bò ó. Bó bá tó yín, ẹ dúró níbẹ̀.

Bí kò bá tó, bíréèkì ló kàn, ti táyà àti ti ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí bíréèkì bá ti dá yín lójú nìkan ni kí ẹ tó ronú tọ́bò ńlá tàbí epo púpọ̀, kí ẹ sì so aago tó ń ka ooru èéfín mọ́ iwájú awakọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Ẹgbẹ́ àwọn oníọkọ̀ pàápàá lè ràn yín lọ́wọ́. Owó tí wọ́n ń gbà ní gáréèjì lè ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nọ́súlù àti bíréèkì wò, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa lò ó ní owó pọ́ọ́kú. Iṣẹ́ tí a lè fojú rí nìyẹn, ó sì sàn ju káléńdà ọdọọdún lọ.

Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí a fẹ̀sọ̀ mú yóò pẹ́, epo rẹ̀ yóò sì tó náá. Bí a bá fi ipá mú un, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ni yóò bàjẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ òkè kò mọ ohun tí a ṣe sí pọ́ǹpù wa. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ni pé nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, kí ọkọ̀ dúró.